Àjọjẹ Tí Ẹnìkan Ò Ní: Bí Líìgì Rugby Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Ṣe Pàdánù Ẹgbẹ́ Mẹ́ta

 

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tó ń gbé ní Coventry, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí mi. Ó ní: "Prof, ẹgbẹ́ rugby tó wà nílùú wa níbí ti wó pátápátá. Wọ́n ní pápá ìṣeré ńlá, àwọn tó ń gbá fún orílẹ̀-èdè wà nínú wọn, wọ́n sì ti gba ife ilẹ̀ Yúróòpù rí. Báwo ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń wó?" Mo ti fèsì fún un ní ṣókí, àmọ́ ìbéèrè náà ju ohun tí èèyàn ń fi ìlà méjì dáhùn lọ. Ó kan líìgì bọ́ọ̀lù tiwa náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká jọ tú u wò lónìí.

Eré náà àti àwọn ọmọ wa níbẹ̀

Fún ẹni tí kò mọ rugby: èèyàn 15 ló ń gbá a fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì rí bí ẹyin. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré. Wọ́n lè fi ẹsẹ̀ gbá a síwájú, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fẹ́ fi jù ú fún ara wọn, wọn ò gbọ́dọ̀ jù ú síwájú. Ẹni tó bá gbé e kọjá ìlà òpin àwọn alátakò, tó sì fi kan ilẹ̀, ti gba àmì márùn-ún fún ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ má rò pé eré àwọn òyìnbó nìkan ni. Adedayo Adebayo, tí wọ́n bí n'Ìbàdàn ní 1970, gbá a fún ẹgbẹ́ Bath àti fún England. Ayoola Erinle, tí wọ́n bí l'Ékòó, gbá fún Wasps. Topsy Ojo gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó lé ní 300 fún London Irish. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ aṣọ England ní 2008, New Zealand ni wọ́n kojú, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà lọ́jọ́ náà. Maro Itoje, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ni ọ̀gákọ̀ àwọn British and Irish Lions tó lọ sí Australia ní 2025.

Ẹ fi orúkọ Wasps àti London Irish sọ́kàn o. Méjèèjì ò sí nínú líìgì àgbà mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀

Ẹgbẹ́ 13 ló bẹ̀rẹ̀ sáà 2022/23 nínú líìgì tí wọ́n ń pè ní Premiership nígbà náà. Worcester Warriors ló kọ́kọ́ ṣubú. Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, owó orí tó yẹ kó san fún ìjọba sì wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹsàn-án, 2022, wọ́n dá a dúró, wọ́n sì fi í sábẹ́ àwọn tó ń bójú tó okòwò tó ti wọ gbèsè. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ilé ẹjọ́ tú ilé-iṣẹ́ tó gba àwọn eléré síṣẹ́ ká nítorí owó orí yẹn. Bí àdéhùn iṣẹ́ gbogbo wọn ṣe parí nìyẹn.

Ní ọjọ́ 17, oṣù kẹwàá, ó kan Wasps. Èèyàn 167 ló pàdánù iṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo: eléré, akọ́nimọ̀ọ́gbá, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Wasps yìí ni wọ́n dá sílẹ̀ ní 1867. Ó gba ife ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀mẹfà, ó gba ti Yúróòpù lẹ́ẹ̀mejì. Biyi Alo, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó wà níbẹ̀, ní láti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé, sí ẹgbẹ́ Racing 92, kó tó ríṣẹ́ ṣe.

Nígbà tó di oṣù kẹfà 2023, London Irish tẹ̀ lé wọn. Àwọn oníṣòwò láti Amẹ́ríkà ní àwọn fẹ́ ra ẹgbẹ́ náà, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n dá pé, owó ò jáde. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, Jersey Reds, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife líìgì kejì, wó. Ẹgbẹ́ tó gbégbá orókè lóṣù díẹ̀ sẹ́yìn ò rí owó oṣù san.

Láàárín ọdún kan, 13 ti di 10. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló wó, à bá ní onítọ̀hún ò mọ owó ná. Àmọ́ tí ilé mẹ́ta bá wó ládùúgbò kan láàárín ọdún kan, ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ wọn lé lórí ló yẹ kí èèyàn lọ wò.

Òwò tí alátakò rẹ ò gbọ́dọ̀ kú

Nínú òwò tó pọ̀ jù, bí ẹni tó ń bá ọ du oníbàárà bá kógbá sílé, èrè tìrẹ ni. Bí ilé epo méjì bá kojú ara wọn lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, tí ọ̀kan tì, èkejì á máa rẹ́rìn-ín. Eré ìdárayá ò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí à ń tà níbẹ̀ ni ìdíje, ẹnìkan ò sì lè bá ara rẹ̀ díje. Yorùbá ní àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní. Ní ti líìgì, kì í ṣe pé kò dùn nìkan, kò sí àjọjẹ kankan rárá ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ 13 wà, tí kálukú ń pàdé ara wọn lẹ́ẹ̀mejì, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 12 nílé. Nígbà tó ku ẹgbẹ́ 10, ó di mẹ́sàn-án. Ìdá kan nínú mẹ́rin ọjọ́ tí wọ́n fi ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, oúnjẹ àti ọtí ti bọ́ sọnù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí kò jẹ gbèsè Worcester, tí kò sì bá Wasps dá òwò kankan pọ̀. Owó ìtọ́jú pápá ò dín kù. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ò dín kù. Ẹ wá rí i pé gbèsè ẹgbẹ́ kan, gbèsè gbogbo wọn ni, yálà wọ́n fẹ́ tàbí wọ́n kọ̀.

Bó bá wá rí bẹ́ẹ̀, ta ló yẹ kó máa wo ìkòkò gbogbo ilé, kó sì pariwo kí ọbẹ̀ tó jóná? Ibí yìí gan-an ni ìṣòro náà ti bẹ̀rẹ̀.

Orí méjì lórí ọrùn kan

Láti 1895, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ kan ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi Rugby Football Union, ìyẹn RFU, sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n fẹ́ máa fún àwọn eléré tó bá pa iṣẹ́ jẹ, òfin rugby union ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbowó láti gbá a. Ọgọ́rùn-ún ọdún ni òfin yẹn fi wà. Ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, 1995 ni àjọ àgbáyé fagi lé e ní Paris.

Lọ́jọ́ yẹn, ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti yan ẹni tó máa gba eléré síṣẹ́. Ní Ireland àti New Zealand, àjọ rugby ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ló mú àwọn eléré tó dára jù mọ́ra. Ireland ní ẹgbẹ́ àgbà mẹ́rin péré, ìyẹn Leinster, Munster, Ulster àti Connacht, abẹ́ àjọ náà sì ni gbogbo wọn wà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, RFU ní kí gbogbo èèyàn fara balẹ̀ fún ọdún kan ná. Àwọn olówó ò fara balẹ̀. Sir John Hall ra Newcastle, Nigel Wray kó owó lé Saracens, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé wọn. Kí RFU tó jí lójú oorun, àdéhùn àwọn eléré ti wà lápò àwọn tó ni ẹgbẹ́.

Láti ìgbà yẹn ni agbára ti pín sí méjì. RFU ló ni Twickenham, pápá tó ń gba èèyàn 82,000, òun ló sì ń kó owó ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ England. Àwọn kílọ́ọ̀bù ló ń san owó oṣù àwọn eléré kan náà. Bí England bá fẹ́ gbá, yóò yá wọn lọ́wọ́ kílọ́ọ̀bù, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni kílọ́ọ̀bù fi ń gbá líìgì tirẹ̀ láìsí ìràwọ̀ rẹ̀. Nígbà náà, ẹni tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì á dé pápá, kò ní rí ẹni tó wá wò. Àdéhùn ọlọ́dún mẹ́jọ-mẹ́jọ ni wọ́n fi ń pẹ̀tù sí ọ̀rọ̀ náà: wọ́n ṣe ọ̀kan ní 2016, wọ́n tún ṣe òmíràn ní 2024.

Àwa tí à ń gbé ní ẹnubodè mọ irú ìṣàkóso yìí dáadáa. Kọ́sítọ̀ọ̀mù á dá ọ dúró, ìmígíréṣọ̀n á dá ọ dúró, ọlọ́pàá á dá ọ dúró. Gbogbo wọn ló ní agbára lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí kòtò bá wà láàárín títì, ó di ọ̀rọ̀ "kì í ṣe iṣẹ́ tèmi." Nígbà tí Worcester ń rì, RFU ní òwò aládàáni ni, kílọ́ọ̀bù yòókù ní RFU ni aláṣẹ.

Ọ̀bẹ àti èkù rẹ̀

Premiership Rugby, ilé-iṣẹ́ tó ń darí líìgì náà, àwọn kílọ́ọ̀bù ló ni ìpín tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn tó ń gbá eré náà ló ń ṣòfin eré. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Wọ́n ní òfin ààlà owó oṣù lóòótọ́: kílọ́ọ̀bù kan ò gbọ́dọ̀ ná ju iye kan lọ lórí eléré lọ́dún. £7 mílíọ̀nù ni tẹ́lẹ̀. Òfin tó dáa ni, torí ó yẹ kó dá olówó lẹ́kun kó má fi ìdíje fa gbogbo èèyàn wọ gbèsè. Ṣùgbọ́n ní 2019 ni àṣírí tú pé Saracens, ẹgbẹ́ Itoje, ti ń ná kọjá ààlà. Àárín ọdún 2015 sí 2019, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Saracens gba ife líìgì. Wọ́n bu £5.36 mílíọ̀nù lé e lórí, wọ́n yọ àmì 35, nígbà tó sì di oṣù kìíní 2020, wọ́n ní kó lọ sí líìgì kejì.

Òfin ṣiṣẹ́, àbí? Ó ṣiṣẹ́, ó kàn pẹ́ ni. Àwọn tó ń sá tẹ̀ lé Saracens ti fi ọdún mélòó kan gbé owó oṣù sókè kí wọ́n lè bá a dọ́gba. Ààlà yẹn náà, iye tí wọ́n lè ná ló sọ. Kò sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn bóyá wọ́n ní in.

Ilẹ̀ Faransé gba ọ̀nà mìíràn. Líìgì tiwọn ní ìgbìmọ̀ kan tó ń jẹ́ DNACG tẹ́lẹ̀. Ọdọọdún ni ìgbìmọ̀ yìí ń yẹ ìwé owó kílọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan wò. Bí ìṣirò ò bá dúró, wọ́n lè ní kó má gba eléré tuntun, wọ́n tiẹ̀ lè lé e sí líìgì ìsàlẹ̀. Kì í ṣe pé kílọ́ọ̀bù Faransé kì í jẹ gbèsè, àmọ́ ẹnìkan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tètè rí i.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ńṣe ni owó ń wọlé, tí kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni lọ́gbọ́n. Ní òpin 2018, ilé-iṣẹ́ ìdókòwò CVC ra ìpín 27 nínú ọgọ́rùn-ún líìgì náà, ó sì san owó tó lé ní £200 mílíọ̀nù. Ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ rẹ̀: wọ́n ta apá kan nínú owó tí yóò máa wọlé lọ́jọ́ iwájú, láti fi dí ihò òní. Lẹ́yìn náà ni Kòrónà dé, pápá ṣófo, ìjọba sì yá àwọn kílọ́ọ̀bù ní owó tó lé ní £120 mílíọ̀nù. Ẹ̀yáwó ni, kì í ṣe ẹ̀bùn. Wasps ní tirẹ̀ ti kó lọ sí Coventry ní 2014. Lọ́dún 2015 ó yá £35 mílíọ̀nù lọ́wọ́ aráàlú nítorí pápá ńlá tó rà níbẹ̀, ó sì ṣèlérí láti dá a padà ní 2022. Nígbà tí 2022 pé, kò sówó. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ìdáhùn ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ mi rèé: pápá ńlá yẹn ò lè gba ẹgbẹ́ náà là, torí gbèsè rẹ̀ wà lára ohun tó pa á.

Ilẹ̀kùn tó ti pa

Ọ̀nà tí èèyàn ń gbà wọ líìgì àti ọ̀nà tó ń gbà jáde tún jẹ́ ìṣòro. Bí ẹni tó kẹ́yìn yóò bá jábọ́, ìbẹ̀rù á mú kó ná owó tí kò ní kó má baà jábọ́. Èyí burú. Nígbà tí Kòrónà dé, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò ní jábọ́ fúngbà díẹ̀. Ìyẹn ò ní ká má sọ̀rọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ealing Trailfinders gba ife líìgì kejì ní 2022, ó tún gbà á ní 2024, wọn ò sì jẹ́ kó gòkè, torí pápá rẹ̀ ò gba èèyàn tó 10,001 tí òfin sọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà lápá méjèèjì. Àwọn tó wà lókè ní ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ bá àwọn jẹun ní abọ́ tó dáa. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ní ta ló máa kọ́ pápá ńlá de ìlérí tí kò dájú? Àwọn méjèèjì lẹ́jọ́ wí. Àmọ́ Worcester àti Wasps ní pápá tó tóbi ju ohun tí òfin bèèrè lọ, wọ́n sì wó. Àga ni òfin wọn ń kà, àpò ló yẹ kó yẹ̀ wò.

Àtúnṣe tó ń lọ

Àdéhùn 2024 mú nǹkan díẹ̀ yí padà. RFU gbà láti san £33 mílíọ̀nù lọ́dọọdún fún àwọn kílọ́ọ̀bù fún ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́, òun náà sì lè bá eléré tó tó 25 ṣe àdéhùn tí yóò jẹ́ ti kílọ́ọ̀bù àti ti England pọ̀. Ìgbésẹ̀ gidi ni, ó fi nǹkan díẹ̀ jọ ti Ireland. Worcester ti padà sí líìgì kejì ní 2025. Lọ́dún náà kan náà, Red Bull, àwọn oníṣòwò ohun mímu, ra Newcastle, wọ́n sì fi orúkọ ara wọn kún orúkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n RFU fúnra rẹ̀ ò fara rọ. Tom Ilube, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tó sì kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Benin tiwa níbí, di alága rẹ̀ ní 2021, èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Ní òpin 2024, ìwé owó RFU jáde: àdánù £37.9 mílíọ̀nù, nígbà tí ọ̀gá àgbà tó ń darí iṣẹ́ gba £1.1 mílíọ̀nù lọ́dún náà, àwọn òṣìṣẹ́ kan sì pàdánù iṣẹ́. Inú bí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké. Ilube fipò sílẹ̀ lóṣù kejìlá. Ní oṣù kẹta 2025, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ RFU dìbò bóyá kí ọ̀gá àgbà náà, Bill Sweeney, lọ: 466 ní kó dúró, 206 ní kó máa lọ. Ó dúró. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ síbẹ̀: ìwé owó yẹn jáde sí gbangba, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rí i, wọ́n bínú, wọ́n sì rí ibi tí wọ́n ti lè dìbò.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Ó kàn wá gan-an. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ nínú yín á rántí Leventis United Ìbàdàn. Ó gba líìgì Nàìjíríà ní 1986. Ní 1987, ilé-iṣẹ́ tó ni ín tú u ká. Abiola Babes Abẹ́òkúta gba Challenge Cup ní 1985 àti 1987. Lónìí, orúkọ rẹ̀ nìkan ló kù. Ẹgbẹ́ tó bá gbára lé àpò ẹnìkan, ìfẹ́ ẹni náà ni ọjọ́ orí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa bọ́ sábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ nítorí èyí. Wọn kì í tètè kú, àmọ́ ẹ mọ̀ pé gómìnà tuntun lè dé kí owó oṣù dúró. Ọ̀rọ̀ orí méjì náà ò sì jìnnà sí wa. Ní 2022, ìjà lórí ẹni tó láṣẹ lórí líìgì gbé LMC dé kóòtù títí wọ́n fi tú u ká, NFF sì gbé ìgbìmọ̀ fìdí-hẹ dípò rẹ̀. Sáà tuntun ò bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù kìíní 2023. Wọ́n pín ẹgbẹ́ 20 sí ọ̀nà méjì, mẹ́fà sì jà á parí l'Ékòó, Enyimba ló gbé ife. Ní 2025, Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, ẹgbẹ́ aládàáni ní ìpínlẹ̀ wa níbí, gba líìgì náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Inú mi dùn. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ju ife lọ ni bóyá Remo Stars á lè wà láàyè lẹ́yìn olówó rẹ̀, ìyẹn ò sì sí lọ́wọ́ Remo Stars nìkan. Ó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣètò líìgì.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún gbọ́ pé olówó kan ra ẹgbẹ́, tàbí pé ilé-iṣẹ́ kan ti fi bílíọ̀nù náírà ṣe onígbọ̀wọ́ líìgì wa, ẹ má kọ́kọ́ béèrè iye owó náà. Ẹ béèrè ẹni tó ń yẹ ìwé owó gbogbo ẹgbẹ́ wò kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, bóyá onítọ̀hún ní agbára láti sọ pé "ẹ dúró ná", àti bóyá òun fúnra rẹ̀ ní ẹgbẹ́ nínú líìgì náà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní owó tẹlifíṣọ̀n, ó ní pápá, ó ní àwọn eléré tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹni tó máa dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí ni wọn ò ní, ohun tó sì jẹ́ kí èèyàn 167 padà sílé láìníṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní Coventry nìyẹn.

Ẹ kọ èrò yín ránṣẹ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti bá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ ṣiṣẹ́ rí. Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí bàtà ti ń ta yín lẹ́sẹ̀.